Àpótí Ìpààrọ̀ Alágbèéká: Ìrírí Mi Lẹ́yìn Oṣù Mẹ́jọ

Oṣù mẹ́jọ ti kọjá báyìí tí mo gba àpótí ìpààrọ̀ tuntun kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ káfíńtà kan ní Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ tí ó jẹ́ pé pèpéle ìgbéyàwó àti ohun ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn àríyá ni ó sábà máa ń kàn. Ẹni tí ó bá ti wo idán orí ìtàgé rí yóò mọ irú àpótí bẹ́ẹ̀. Wọn yóò de ẹnì kan sínú àpò, wọn yóò gbé e sínú àpótí, wọn yóò sì fi àgádágodo tì í. Ẹnì kejì yóò gorí àpótí náà, yóò na aṣọ sókè níwájú ara rẹ̀, kí òǹwòran sì tó ṣẹ́jú, ẹni tí wọ́n tì mọ́ inú àpótí ni yóò yọ orí lókè aṣọ, ẹni tí ó wà lókè ni wọn yóò sì bá nínú àpò. Èmi àti ìyàwó mi, tí ó jẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ti fi àpótí tuntun yìí ṣeré ní ìgbà 31, ní ilé ìwé, ní ibi ìgbéyàwó, níbi ọjọ́ ìbí àwọn ọmọdé, àti lẹ́ẹ̀kan ní gbangba pápá nínú òjò.

N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀gá ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa wá béèrè lọ́wọ́ òun bí inú àpótí onídán ṣe rí, mo sì gbà pé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tọ́. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dára àti ibi tí ó kù sí, kí ẹni tí ó bá fẹ́ kan irú rẹ̀ lọ́dọ̀ káfíńtà èyíkéyìí lè mọ ohun tí yóò béèrè kí ó tó san owó.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi lo àpótí àkọ́kọ́ tí mo ní. Wẹ́dà kan ni ó jó irin rẹ̀ pọ̀, plywood tí ó nípọn tó mìlímítà 18 ni wọ́n sì fi ṣe gbogbo ara rẹ̀. Kò ṣe é tú, kò sì ṣe é ká. Nígbà tí mo gbé e sórí òṣùwọ̀n àwọn tí ń ra irin àlòkù, kìlógíráàmù 47 ni mo bá. Mo rántí ilé ìwé kan ní Abẹ́òkúta tí gbọ̀ngàn wọn wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ènìyàn mẹ́rin ni ó gbé àpótí náà gòkè, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ọ̀kan ń kígbe pé kí èkejì má jù ú sílẹ̀, tí àwọn ọmọdé sì tò sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn tí wọ́n ń wò wá. Kí a tó gbé e kalẹ̀, wọ́n ti ń bi ara wọn léèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tí ó fi wúwo tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí idán náà wáyé, ọmọkùnrin kan ní ìlà iwájú sọ ọ́ sókè ketekete pé inú irin náà ni àṣírí wà. Ọmọ náà kò mọ bí a ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n ìwúwo àpótí wa ti kọ́ ọ láti fura. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé bí onídán ṣe gbé ẹrù rẹ̀ wọlé wà lára idán rẹ̀, òǹwòran kì í sì í dúró de ìgbà tí iná ìtàgé bá tàn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí wò.

Àwọn baba wa tí ń pidán mọ èyí. Àwọn egúngún apidán, tí àwọn mìíràn ń pè ní agbégijó tàbí alárìnjó, ń rìn láti ìlú dé ìlú, aṣọ àti ère onígi ni ó sì pọ̀ jù nínú ẹrù wọn. Inú aṣọ yẹn kan náà ni wọ́n ti ń di ejò, tí wọ́n ń di ọ̀nì, tí wọ́n sì ń di òyìnbó lójú agbo. Nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó kan, dé ọ̀dọ̀ Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, wọ́n ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ fún un: ó rí àwọn eléré tí wọ́n wà nínú àpò tí wọ́n ń jó tí wọ́n ń tàkìtì, ó rí ejò ńlá, ó sì rí ẹnì kan tí ó jáde láti inú àpò ní àwọ̀ funfun bí òyìnbó. Àpò ni gbogbo ilé idán wọn, ẹni tí ó bá sì lè ru ẹrù sórí lè gbé e lọ sí ìlú tí ó tẹ̀ lé e.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àpótí ìpààrọ̀ ní tirẹ̀ ti wá. John Nevil Maskelyne, onídán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, ni ó gbé àpótí tí ènìyàn ń bọ́ láti inú rẹ̀ dé orí ìtàgé ní 1865, onídán Harry Houdini sì ni ó sọ ìpààrọ̀ náà di olókìkí ní Amẹ́ríkà, tí òun àti Bess ìyàwó rẹ̀ ń ṣe é pọ̀ láti 1894. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan idán tí ó ti pẹ́ tó báyìí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kan àpótí idán tí wọ́n ń pè ní Zig Zag, èyí tí onídán Robert Harbin gbé jáde ní 1965, tí àárín obìnrin inú rẹ̀ máa ń yà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni ya dúrọ́ọ̀. Idán tí ó lẹ́wà ni, ṣùgbọ́n ọpọlọ ẹnì kan ni ó ti jáde, n kò sì lè fi ọkàn balẹ̀ kan án láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àpótí Zig Zag ga tó ènìyàn lóòró. Ẹni tí ó bá ń ṣeré ní gbọ̀ngàn ńlá bíi ti Professor Peller, onídán ọmọ Ìsẹ́yìn, lè kó ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn láti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Tèmi, ènìyàn méjì àti ọkọ̀ Sienna kan ni.

Ohun tí ó kọ́kọ́ wú mi lórí ní ilé iṣẹ́ yìí ni bí wọ́n ṣe wọn ara wa. Kí Bàbá tí ó ni ibẹ̀ tó fa ìlà kankan, ó ní kí èmi àti ìyàwó mi lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a ká eékún mọ́ àyà, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí orí, èjìká àti ìka ẹsẹ̀ wa dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ṣe é. Mo béèrè ìdí rẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, ẹni tí ń mí kì í dúró sójú kan. Ẹ tún mí dáadáa kí n rí i.” Àpótí mi àtijọ́, ìwọ̀n tí ó bá wu wẹ́dà ni wọ́n fi ṣe é, ọdún mẹ́fà ni ìyàwó mi sì fi ń fara bó nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó tẹ́ odindi plywood kan sílẹ̀, ó sì yàwòrán sí i. “Ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8 ni pákó yìí. Bí ẹ bá jẹ́ kí gígùn àpótí jẹ́ íǹṣì 36, kí ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ 24, ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni yóò jáde láti inú pákó kan, kò sì ní ṣẹ́kù.” Mo ṣírò rẹ̀ níbẹ̀, mo sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ni: ojú mẹ́rin tí ó jẹ́ 36 sí 24, ojú méjì tí ó jẹ́ 24 sí 24, àpapọ̀ wọn kò dín, kò sì lé. Ó tún ṣàlàyé pé ẹnu ayùn máa ń jẹ bíi mìlímítà 3 níbi tí ó bá gbà kọjá, nítorí náà ojú kọ̀ọ̀kan yóò dín díẹ̀, férémù ni yóò sì dí i. Ṣùgbọ́n òun kan náà ni ó sọ pé kí a má fi pákó kan ṣoṣo ṣe é. Òkè àpótí ni ènìyàn ń dúró lé, ìsàlẹ̀ ni ènìyàn ń jókòó sí, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ nípọn tó mìlímítà 12. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ru ohunkóhun, mìlímítà 6 tó wọn. Pákó méjì ni a rà nígbẹ̀yìn, ó sì fi èyí tí ó ṣẹ́kù kan àpótí kékeré tí a ń kó aṣọ, àpò àti àgádágodo sí. Bí mo bá ronú sí i, ìpinnu yẹn nìkan ni ó dín ìwúwo pákó náà kù ju ìdajì lọ.

Alumíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe férémù, ọ̀pá onígun mẹ́rin tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, irú èyí tí àwọn tí ń ṣe fèrèsé ń lò. Irin tí ó bá tóbi bákan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe bíi tèmi kíyè sí i pé wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà kì í sábà lè jó alumíníọ́mù: kì í pọ́n bí irin ṣe ń pọ́n kí ó tó yọ́, nítorí náà kí ẹni tí ń jó o tó mọ̀ pé ó ti gbóná jù, ó ti lu. Bàbá kò gbìyànjú láti jó o rárá. Ó fi irin igun kéékèèké sínú orígun kọ̀ọ̀kan, ó sì fi rivet kàn án mọ́ ọn. Nígbà tí ó parí, èmi àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan dúró pọ̀ lórí ìdérí àpótí náà, a fò sókè, a tún fò, kò sì tẹ̀. Òṣùwọ̀n àwọn tí ń ra irin àlòkù yẹn kan náà ni mo tún gbé e lọ. Kìlógíráàmù 22 ààbọ̀.

Títò ó pọ̀ rọrùn. Ìdajì híńjì kan wà lára férémù kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n bá ti wọ inú ara wọn, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni a ó tì gba àárín wọn kọjá. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀, mẹ́rin ní ìsàlẹ̀, mẹ́rin ní àwọn orígun, ọ̀kan fún ìdérí. Kò sí skúrù, kò sí bóòtù, a kò sì nílò irinṣẹ́ kankan. Ìṣẹ́jú méje ni èmi àti ìyàwó mi fi ń tò ó báyìí, bẹ́ẹ̀ sì ni a ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin tú u. Àmì tí wọ́n fín sí inú ojú kọ̀ọ̀kan kò jẹ́ kí a ṣi ọ̀kan gbé fún èkejì, kódà nínú òkùnkùn ẹ̀yìn ìtàgé.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú iṣẹ́ yìí kò ṣe é fojú rí. Àpótí náà kì í dún. Ẹni tí ó bá ti ṣe idán ìpààrọ̀ rí mọ ohun tí mo ń sọ: orin lè máa lọ, ìlù lè máa dún, ṣùgbọ́n ìró kékeré kan láti inú àpótí ní àkókò tí kò yẹ lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Alumíníọ́mù tí ń fi ara kan alumíníọ́mù máa ń ké. Bàbá gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ibi tí férémù ti pàdé, ó sì fi àbẹ́là ra àwọn ọ̀pá híńjì kí wọ́n lè máa yọ̀. Nígbà tí ó fẹ́ dán an wò, ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ pa ẹ̀rọ ayùn, ó di ojú rẹ̀, ó sì ní kí ìyàwó mi wọlé kí ó sì jáde. Ó gbọ́ ìró lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tọ́ka sí igun tí ó ti wá. Ó tún ibẹ̀ ṣe lọ́jọ́ náà. Káfíńtà tí ó lè fi etí kan àpótí kò wọ́pọ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ńkọ́? N kò ní sọ ibi tí ọ̀nà àbájáde wà, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ń ta àwòrán rẹ̀ kiri fún owó kékeré ń ba iṣẹ́ gbogbo wa jẹ́. Ṣùgbọ́n mo lè sọ bí a ṣe pa á mọ́. Mo ya àwòrán náà sórí ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ó fi jẹ́ pé àwọn tí wọ́n gé alumíníọ́mù kò rí ìwé àwọn tí wọ́n gé pákó. Ìwé kẹta, Bàbá nìkan ni mo fún. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ti lọ ni ó máa ń ṣe apá yẹn, nígbà tí ó sì parí rẹ̀, ó pè mí, ó ṣáná sí ìwé náà lójú mi. Ó ní awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Ó tún fi dandan lé e pé ẹni tí ó bá wà nínú àpótí gbọ́dọ̀ lè ṣí i láti inú pẹ̀lú ọwọ́ kan ṣoṣo, láìsí kọ́kọ́rọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ti kú, ó sì lu ihò afẹ́fẹ́ 24 sí ẹ̀yìn àwọn ọnà ara rẹ̀ níbi tí òǹwòran kò ti lè kà wọ́n sí ihò. Nínú ooru wa yìí, ohun tí ó yẹ kí gbogbo onídán béèrè fún kí wọ́n tó béèrè àwọ̀ ọ̀dà nìyẹn.

Àwọn àléébù rẹ̀ wà, wọn kò sì kéré.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n dá fún mi, ọ̀sẹ̀ méje ni mo gbà á. Ìgbéyàwó kan tí mo ti gba owó ìpìlẹ̀ fún bọ́ sí àárín rẹ̀, mo sì ní láti dá owó náà padà fún ìdílé ìyàwó, èyí tí ó dùn mí nítorí pé ọ̀rọ̀ mi ni mo fi lélẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ó kun àpótí náà fi fáánísì tí ń dán gbinrin parí rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ ṣáájú pé kí etí àpótí jẹ́ àwọ̀ ẹlú, kí àárín rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn, nítorí pé etí dúdú máa ń jẹ́ kí nǹkan dà bí ẹni pé ó kéré ju bí ó ṣe wà lọ. Wọ́n ṣe àwọ̀ náà bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n fáánísì náà mú kí iná ìtàgé máa ta padà sójú àwọn ènìyàn, gbogbo ojú ìpàdé tí ọ̀dà yẹ kí ó bò sì wá hàn. Èmi ni mo fi sáńpépà ha gbogbo rẹ̀, tí mo sì tún un kùn.

Èyí tí ó burú jù ni ti òjò. Marine board ni a fẹnu kò sí, nítorí pé gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi tètè tú u. Ní oṣù kẹfà, òjò pa wá níbi ọjọ́ ìbí kan tí wọ́n ṣe ní pápá, kò tó wákàtí kan, ó sì dá. Ní ọjọ́ kejì, òkè àti ìsàlẹ̀ wà bí wọ́n ṣe wà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ méjì ti wú, awẹ́ wọn sì ti ń ṣí bí ojú ìwé. Plywood lásán ni. Ẹnu ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ náà há. Bí ó bá jẹ́ pé lórí ìtàgé ni ó ti há, èmi ni mo ti gbàgbé ara mi sínú àpótí níwájú igba ènìyàn. Mo gbé àwọn ojú náà lọ bá Bàbá, kò sì bá mi jiyàn. Ó wò ó, ó fi èékánná họ ọ́, ó ní, “Wọ́n rẹ́ mi jẹ ní ọjà pákó, ṣùgbọ́n ojú mi ni ó yẹ kí ó rí i. Ẹ má bínú.” Ó pààrọ̀ wọn láìgba owó, ó sì fi ọ̀dà dí gbogbo etí pákó tuntun náà, nítorí etí ni omi ti ń wọlé. Owó ọkọ̀ lílọ bíbọ̀ nìkan ni mo san. Láti ìgbà náà, mo ti rọ gbogbo onídán tí mo mọ̀ pé kí wọ́n gé ègé kékeré lára pákó tí káfíńtà bá rà, kí wọ́n rì í sínú omi mọ́jú, kí wọ́n sì wò ó ní òwúrọ̀.

Àpò tapólì tí wọ́n rán fún kíkó o ya ní ibi ìdìmú láàárín oṣù méjì. Aránṣọ tí ó wà nítòsí ilé mi fi bẹ́líìtì ọkọ̀ àlòkù tún un ṣe, ó sì ń lò títí di òní.

Náírà 285,000 ni gbogbo iṣẹ́ náà, mo san ìdajì sílẹ̀. Fún ohun tí ó ń dákẹ́ tó báyìí, tí obìnrin kan lè ti ìdajì rẹ̀ sínú ọkọ̀ láìpe ẹnikẹ́ni, n kò kà á sí owó púpọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ní ìlú kan ṣoṣo, tí ó ní gbọ̀ngàn tirẹ̀ níbi tí àpótí lè máa dúró sí, kò nílò irú èyí, àpótí irin àtijọ́ yóò tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń lọ láti Ìbàdàn sí Òṣogbo ní Sátidé, tí ó sì ní eré ní Èkó ní Sọ́ńdè, irú káfíńtà bẹ́ẹ̀ ni kí ó wá, kí ó sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kún ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un.

Ohun kan ṣì kù tí a ń ṣe lọ́wọ́. Àwọn ẹbí wa kan ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ kí a wá ṣeré níbi ìkómọjáde. Ìwúwo àpótí náà wọ inú kìlógíráàmù 23 tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń gbà fún ẹrù kan, ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń wọn gígùn, ìbú àti nínípọn, wọn a ro ó pọ̀, kò sì gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 158 lọ. Tiwa, bí a ti tò ó léra, fi bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lé. Mo tún ti padà sọ́dọ̀ Bàbá. Ó ní bí gígùn bá lè di íǹṣì 33, yóò wọlé. A tún ti lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá: ìyàwó mi wọ inú ìlà ṣọ́ọ̀kì náà pẹ̀lú àyè láti mí, ìka ẹsẹ̀ tèmi sì fi íǹṣì kan yọ síta. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń kọ́ bí mo ṣe lè ká a wọlé báyìí, Bàbá sì ti sọ pé òun kò ní gé pákó kankan títí tí òun yóò fi rí i pẹ̀lú ojú ara òun.